Funfun Méjì fún Yàrá Ìyá Àgbà

Okota, Ìsọlọ̀
25 oṣù Karùn-ún, 2025

“Kùn ún ní funfun, kùn ún ní dúdú, ìyá ẹ ò bọ̀! Ọ̀dà lásán là ń sọ látàárọ̀, àfi bí ẹni ń yan ọkọ fún ọmọ ọba!”

Ohun tí Bọ̀ọ̀dá Mùktárù ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn, Màámi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́, kí ẹ má baà ní mo fi iyọ̀ sí i. Wọ́n ti jáde báyìí, wọ́n fi ilẹ̀kùn gbá ògiri, èmi sì jókòó sórí ẹní Ìyá Àgbà, mò ń kọ̀wé.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú ọ̀fọ̀ ìyá yín, Ọlọ́run á fi ọjọ́ jìnnà síra. Mo mọ̀ pé a ti kíra lórí fóònù, ṣùgbọ́n fóònù Bọ̀ọ̀dá Mùktárù ni, wọ́n sì máa ń tẹ̀ ẹ́ síta kí gbogbo ilé lè gbọ́ ohùn àwọn àti ti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wọn. Mi ò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà lè sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Láti ọjọ́ tí a ti sin Ìyá Àgbà ni ẹ ti ń sọ pé kí wọ́n kun yàrá wọn kí fídáù ogójì ọjọ́ tó pé, kó lè rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ ń bọ̀. Wọ́n ti kun pálọ̀, wọ́n ti kun ọ̀nà àárín. Ó ku yàrá. Teslim pẹ́ńtà wá gbé funfun méjì dé. Ó ní ọ̀kan ń jẹ́ mànólíà, èkejì ń jẹ́ bróókìn wáìtì. Ẹ ní orúkọ ò sọ nǹkan kan fún yín, ká ya fọ́tò. A yà á. Ẹ ní méjèèjì rí bákan náà nínú fóònù. Bọ̀ọ̀dá Mùktárù ní ó dáa, nígbà tí wọ́n ti rí bákan náà, kí Teslim máa kùn ún lọ. Ẹ ní rárá, kí n fi ọ̀dà náà sára ìwé, kí n fi ránṣẹ́, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wà nínú páálí yìí. Ìwé méjì ni. Nọ́ńbà kìíní ni mànólíà, ó wà lókè. Nọ́ńbà kejì ni bróókìn wáìtì, ó wà nísàlẹ̀. Mo fi ọ̀rá wé wọn, mo fi wọ́n há àárín èlùbọ́ àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa kí wọ́n má baà ká. Ìyá Ọmọ́lẹ́wà tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ ní Àgọ́ Palace ní kò ní í pẹ́ dé Leeds.

Lójú tèmi, mànólíà dà bí ògì tí wọ́n kán mílíìkì sí. Bróókìn wáìtì dà bí eyín àgbàlagbà tó mọ orín í rún dáadáa. Tí ẹ bá wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Tí ẹ bá gbé wọn fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, wọn ò jọ mọ́ rárá.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó yàn. Lára ògiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ibi tí Ìyá Àgbà máa ń fi orí tì tí wọ́n bá kírun tán, òrí tí wọ́n fi ń pa irun ti mu sára ògiri níbẹ̀. Ó tó ojú abọ́ ìjẹun. Tí wọ́n bá kun yàrá, wọ́n á kùn ún pa. Mo jókòó tì í báyìí, ẹ̀yìn mi ló bò ó.

Màámi, ẹ ti béèrè ọ̀dà lọ́wọ́ mi ní àìmọye ìgbà. Ẹ ò tíì béèrè bí ìyá yín ṣe kú.

Ẹ yan èyí tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì máa bọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá wọlé, ojú á ti Bọ̀ọ̀dá Mùktárù.

Èmi ọmọ yín,
Fawziyyah

Ẹ fojú fo àṣìṣe. Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ni mo fi wọ SS1 kí àìsàn Ìyá Àgbà tó dé.


Leeds
12 oṣù Kẹfà, 2025

Àrìnkẹ́ mi,

Ṣé o sùn? Ṣé o jí? Ṣé ò ń jẹun àbí ò ń wo oúnjẹ níran? Páálí rẹ dé. Èlùbọ́ dé, irú dé, gbogbo yàrá mi ń run ilé. Epo ta sílẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà, ìdérí kẹ́ẹ̀gì ni kò dé dáadáa, ṣùgbọ́n mo ti nu gbogbo ẹ̀. Má dààmú.

Inú ilé ìyàgbẹ́ ibi iṣẹ́ ni mo ti ka ìwé rẹ, nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í ti í pè mí. Ohun tí o kọ gún mi. O ní mi ò béèrè. Báwo ni màá ṣe béèrè lórí fóònù Mùktárù, kí ayálégbé àti onílé máa gbọ́ bí mo ṣe ń ké? Ìyá oníyàá ni mò ń tọ́jú níbí, Fawziyyah. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fi ìpara pa wọ́n lára, mò ń ya irun wọn. Ìyá tèmi, ọmọ kékeré ni mo fi tì wọ́n. Nítorí náà mo béèrè báyìí. Kọ bí wọ́n ṣe kú fún mi. Má fi nǹkan kan pamọ́.

Ti ọ̀dà. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí mànólíà kan ògiri ìyá mi. Mànólíà ni gbogbo yàrá arúgbó níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹnì kan bá kú, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, wọ́n á gbé arúgbó mìíràn síbẹ̀, ògiri ò ní í mọ̀ pé ẹnì kan lọ. Mi ò fẹ́ ìyẹn fún ìyá mi.

Èkejì ń wù mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí i. Yàrá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn. Mo ti fi lẹ ojú fèrèsé, jẹ́ kí n máa wò ó ná. Ìwọ náà, bá mi sún wọ́dúróòbù, kí o wo ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Baba mi ló fọwọ́ ara wọn kùn ún nígbà tí wọ́n kọ́lé náà tán, ojúlówó àwọ̀ ẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Sọ fún mi bó bá jọ nọ́ńbà kejì.

Sọ fún Mùktárù pé mo ní kó má kun nǹkan kan títí màá fi fọhùn. Èmi ni àkọ́bí.

Mi ò ní í lè bá yín ṣe fídáù. Nǹkan díẹ̀ ló kù tí mò ń ṣe níbí. Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀.

Ìyá rẹ,
Rùkáyátù


Okota
6 oṣù Keje, 2025

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú àìsùn. A ti ṣe fídáù. Àwọn àáfà wá, wọ́n ṣàdúà, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń ta rọ́bà pẹ̀lú Ìyá Àgbà ní ọjà Bọ́ládé pé pérépéré, kò sì sí ẹni tó wọlé tí kò béèrè yín. Bọ̀ọ̀dá Mùktárù ń sọ fún wọn pé ẹ wà lójú ọ̀nà. Ẹ gbọ́ o, inú ilé nìkan ni wọ́n ti ń pariwo yín. Níta, wọ́n ń bò yín láṣìírí.

Ẹ béèrè, mo fẹ́ dáhùn. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Wọ́n kírun tán lórí ìjókòó, wọ́n fi orí ti ògiri níbi tí mo sọ fún yín yẹn. Wọ́n ní, “Ṣé Rùká ti pè?” Ẹ ò pè ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ní ẹ ti pè, ẹ ní kí n kí wọn. Wọ́n ní, “Ó ṣeun.” Mo lọ po tíì wá. Nígbà tí mo dé, ojú wọn ti pa dé. Mo rò pé oorun ni. Mo ní kí n jẹ́ kí tíì yẹn tutù díẹ̀ kí n tó jí wọn. Ó tutù pátápátá kí n tó mọ̀. Ẹ ní kí n má fi nǹkan kan pamọ́, ó ti tán nìyẹn.

Mo sún wọ́dúróòbù. Motọ́lání tí Bọ̀ọ̀dá Mùktárù fẹ́ fẹ́ ló bá mi sún un, inú yàrá yìí náà sì ni òun àti Bọ̀ọ̀dá máa gbé, ẹ ti mọ̀. Ògiri ibẹ̀ mọ́ lóló. Ó jọ nọ́ńbà kejì bí ìbejì. Ṣùgbọ́n Màámi, mi ò rí àwọ̀ yẹn rí láyé mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ẹ lọ. Láti ìgbà náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ àti eruku àdúgbò ti ń mu ògiri yìí, ó ti di nǹkan mìíràn. Àwọ̀ tí ẹ̀yin ń rántí, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù ló wà. Èyí tí wọ́n fi tọ́ mi ló wà níta.

Motọ́lání wo ọ̀dà méjèèjì títí. Ó ní, “Fawziyyah, má bínú sí mi o, ṣé kì í ṣe funfun náà ni?” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, kò rín in mọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú.

Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá Mùktárù pé ẹ ò fẹ́ mànólíà, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń ro ti èkejì. Wọn ò tilẹ̀ pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní, “Ọ̀dà méjì ló wà nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọ̀kan. Kí ló wá kù tí wọ́n ń rò?” Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi. Màámi, kí ló kù tí ẹ ń rò?

Teslim wá lánàá pẹ̀lú àkàbà àti búrọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fọ ògiri. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó, mo fi ẹ̀yìn tì í. Ó ní òun ti kun ilé tí wọ́n so ajá ńlá mọ́lẹ̀ sí, pé ajá yẹn gan-an dìde fún òun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò dìde. Ó kó ẹrù ẹ̀ lọ.

Mò ń ṣọ́ ọ dè yín ni. Mo fẹ́ kí ẹ rí i kí wọ́n tó kùn ún, kí ẹ fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, kí wọ́n fi ọ̀dà tí wọ́n bá fẹ́ kùn ún, kò kàn mí mọ́.

Fawziyyah yín


Okota
17 oṣù Kẹjọ, 2025

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́.

Ìyá Ọmọ́lẹ́wà ní páálí tó gbé ìwé mi dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ sì fọwọ́ sí i pé ẹ ti gbà á. Mo gbọ́. Lórí fóònù ẹ bi mí bóyá mò ń jẹun, ẹ bi mí bí ọjà rọ́bà Ìyá Àgbà ṣe ń tà ní Bọ́ládé. Mo bi yín nípa ògiri, ẹ ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì dáa. Mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí.

Oṣù Kẹwàá ni wọ́n fẹ́ so yìgì Bọ̀ọ̀dá Mùktárù. Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ti dúró dè yín tó, ẹ̀gbọ́n ni ẹ jẹ́, ẹ kì í ṣe ìjọba. Mi ò rí wọn bá wí mọ́.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ sọ ọjọ́. Tí ẹ ò bá bọ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀dà dá mi lóhùn.

F.


Leeds
31 oṣù Kẹjọ, 2025

Àrìnkẹ́ mi, ọmọ tó ń bá mi ṣe ọmọ fún ìyá mi,

O ní kí n má fi ọ̀dà dá ọ lóhùn. Fi orí jì mí, ọ̀dà náà ni màá kọ́kọ́ sọ, nítorí inú ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Láti ọjọ́ tí páálí ti dé ni nọ́ńbà kejì ti wà lójú fèrèsé mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn jáde, ó bọ́ sórí ìwé yẹn, mo ṣàdédé bú sẹ́kún. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ṣáà rí i pé mo ti dé ilé. Ni mo bá mú ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan níbí, tí o bá fi nǹkan hàn án, á po irú àwọ̀ ẹ̀ gan-an fún ọ. Wọ́n pò ó. Mo gbé e wálé, mo kun yàrá mi, láti òkè dé ilẹ̀, èmi nìkan, títí apá fi ń ro mí.

Nígbà tí mo kùn ún tán, mo jókòó sílẹ̀, mo wá rí ohun tí mo ṣe. Ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ láti relé kì í kun ògiri ilé onílé.

Fawziyyah, mi ò bọ̀. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Ìwé ìgbélùú mi wà níwájú ìjọba ibí. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ kan jáde, ó parí, gbogbo ọdún tí mo ti lò di òfo, mi ò sì ní í lè padà wọlé. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí Mùktárù ti pè mí pé ìyá wa lọ. Mi ò lè sọ ọ́ jáde. Mo rí i pé nígbà tí ẹ bá ń béèrè àwọ̀, ẹ ò ní í béèrè ọjọ́. Nítorí náà mo jẹ́ kí ẹ máa béèrè àwọ̀.

Mo ka ibi tí o ti ní o sọ fún ìyá mi pé mo pè. Mo kà á, mo tún un kà. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ.

Sọ fún Mùktárù kó kùn ún ní nọ́ńbà kejì. Mo fẹ́ kí èmi àti ìwọ jọ máa sùn nínú àwọ̀ kan, kó dà bíi pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Páálí kékeré tí wọ́n fi àwọ̀ náà kùn fún mi ní ṣọ́ọ̀bù rèé. Fi lé ògiri yín wò tí wọ́n bá kùn ún. Sọ fún mi bó bá bára mu.

Ìyá rẹ


Okota
21 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ilé kíkùn. Mi ò fi bú yín o.

Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá Mùktárù pé ẹ ò bọ̀. Mo rò pé wọ́n á pariwo. Wọ́n jókòó sórí igi bẹ́ẹ̀dì tí a ti tú, wọ́n ní, “Mo ti mọ̀.” Wọ́n lọ wẹ̀, wọ́n pẹ́ nínú balùwẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn pọ́n, wọ́n ní ọṣẹ ló kó sí i. Wọ́n ní kí n kí yín, pé kí ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín, pé ẹ̀gbọ́n àwọn ṣì ni ẹ.

Wọ́n ti ń kun yàrá. Bróókìn wáìtì bí ẹ ṣe wí. Ògiri mẹ́ta ti gbẹ, ó ku ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo fi páálí kékeré yín lé ọ̀kan lára wọn wò.

Ó bára mu, Màámi. Ó bára mu gan-an. Ẹ máa sùn dáadáa.

Ọmọ yín,
Fawziyyah

Ibí ni màá ti ya ìwé yìí. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ò ní í wọ inú ẹrù Leeds.

Kò bára mu. Kò sún mọ́ ọn rárá. Ògiri tó gbẹ funfun, ó tutù lójú. Páálí yín pọ́n, ó dà bí ẹyin tí adìyẹ ti sàba lé fún ọjọ́ pípẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ òyìnbó náà ló ṣì í. Mo wá rántí kẹ́ẹ̀gì. Ìwé nọ́ńbà kejì ló wà nísàlẹ̀ nínú ọ̀rá yẹn, ẹ̀gbẹ́ epo gan-an. Ẹ ní ẹ ti nu gbogbo ẹ̀, ẹ ò mọ̀ pé ó ti mu. Epo pupa lẹ fi lẹ ojú fèrèsé, Màámi. Epo pupa tí mo dì fún yín kí ẹ fi se ọbẹ̀ lẹ fi han ẹ̀rọ, òun lẹ kùn láti òkè dé ilẹ̀.

Mo bínú. Mo bínú débi pé mo ti kọ ọ́ sórí ìwé mìíràn: “Ohun tí ẹ ń sunkún lé lórí, epo ni.” Mo fẹ́ kó dùn yín bí ti ọjọ́ tíì yẹn ṣe dùn mí. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó, mò ń rò ó bóyá kí n fi ránṣẹ́. Páálí yín wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣáà yíjú, mo fi lé ojú ibi tí Ìyá Àgbà ń fi orí tì.

Mi ò rí etí páálí mọ́.

Mo gbé e kúrò, mo tún gbé e padà. Ọwọ́ mi nìkan ni mò ń rí. Ọ̀dà tí bàbá yín kùn àti òrí tí ìyá yín fi ń pa irun, ọ̀dà àti epo náà ni, bíi ti páálí yín. Gbogbo yàrá yín ní Leeds, ojú ibi orí wọn ni. Ẹ ò mọ̀. Inú ẹ̀ lẹ ń sùn sí.

Ọ̀la ni Teslim ń bọ̀ wá kun ògiri tó kù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní ọ̀nà àárín. Bọ̀ọ̀dá Mùktárù ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo mọ́ mi. Motọ́lání ní tí mo bá yarí, kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkùn, òun á fi kàlẹ́ńdà bò ó.

Kò ní í di pé wọ́n ń bẹ̀ mí. Mi ò ní í sọ ti epo fún ẹni tó wà ní Leeds, mi ò ní í sọ ti páálí fún ẹni tó wà ní Okota. Wọ́n á rò pé ó ti sú mi ni, tàbí pé mo ti gbàgbé Ìyá Àgbà. Kí wọ́n rò ó bẹ́ẹ̀. Tí Teslim bá gbé búrọ́ọ̀ṣì dé ọ̀dọ̀ mi lọ́la, màá dìde.